Àwa Tí A Wá Ilé fún Sójà

Ẹ̀yin ọmọ Yorùbá tó ń wọ iṣẹ́ ogun Amẹ́ríkà lónìí pọ̀ ju àwa ìgbà náà lọ. Bí ìwé bá dé pé ó di Jámánì, Jàpáàn tàbí Kòríà, orí fóònù lẹ ti ń rí yàrá, ilé ìdáná àti balùwẹ̀ kí ẹ tó di ẹrù rárá. Mo bá yín yọ̀, mi ò sì ní kí ìyà tó jẹ wá jẹ yín. Ohun tí mo fẹ́ ni kí ẹ mọ bó ṣe rí ní 1988, nítorí àwọn obìnrin tó ṣe wàhálà yẹn ti ń darúgbó, àwọn mìíràn ti sùn, mi ò sì tíì rí ìwé kankan tí wọ́n kọ ọ́ sí. Ìjọba kọ̀wé sí sójà pé kó máa bọ̀. Ìyàwó sójà ló wá ibi tí sójà máa sùn sí.

Báráàkì ni mo mọ̀ mọ́ iṣẹ́ sójà tẹ́lẹ̀. Mọ́kọ́lá, n'Ìbàdàn, ni mo dàgbà sí, báráàkì Letmauck kò sì jìnnà sí ilé wa. Orúkọ ibi kan tí àwọn ọmọ wa ti jagun ní Bọ́mà nígbà Ogun Àgbáyé Kejì ni wọ́n fi sọ ọ́. Ohun tí ojú mi rí níbẹ̀ ni pé tí sójà bá dé, wọ́n á fún un ní yàrá, ìyàwó rẹ̀ á gbé ààrò síta, àwọn ọmọ á máa sáré kiri láàárín ilé. Torí náà, nígbà tí ọkọ mi wọṣẹ́ ogun Amẹ́ríkà, ọkàn mi balẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ ilé. Mo rò pé ara ohun tí wọ́n ń fún sójà ni, pẹ̀lú bàtà àti fìlà.

Owó ló gbé ọkọ mi, ọmọ Ìbàdàn, dé ìdí iṣẹ́ yẹn. Bàbá rẹ̀ ló ń sanwó ilé-ìwé rẹ̀ ní Texas Southern University ní Houston, níbi tí ọmọ Nàìjíríà pọ̀ sí gan-an lọ́dún wọ̀nyẹn. Títí di 1985, náírà kan lágbára ju dọ́là kan lọ. Ní oṣù Kẹsàn-án 1986, ìjọba Babangida ṣí ọjà pàṣípààrọ̀ owó sílẹ̀, náírà sì já lulẹ̀. Nígbà tó fi máa di 1987, nǹkan bíi náírà mẹ́rin ni dọ́là kan. Owó tí bàbá fi ń san ọdún kan ní yunifásítì kò wá ju ti oṣù mẹ́ta lọ mọ́. Bàbá ta mọ́tò, ó ta ilẹ̀ kan ní Mọ́níyà, kò tó. Ọkọ mi ti ní ìwé ìgbélùú lọ́wọ́, ó bá lọ forúkọ sílẹ̀ fún iṣẹ́ ogun láì sọ fún wọn nílé. Iṣẹ́ pípèsè oúnjẹ àti ohun èlò fún ọmọ ogun ni wọ́n kọ́ ọ ní Fort Lee, ní Virginia. Nígbà tó di 1988, wọ́n ní kó máa lọ sí Kaiserslautern.

Gúúsù-ìwọ̀-oòrùn Jámánì ni ìlú yìí wà, igbó páìnì ló yí i ká. Àwọn Amẹ́ríkà tí kò lè pe orúkọ rẹ̀ já máa ń pè é ní K-town. Pápá ọkọ̀ òfurufú Ramstein àti ilé ìwòsàn ńlá tó wà ní Landstuhl kò jìnnà síbẹ̀, kò sì sí ibòmíràn lẹ́yìn odi Amẹ́ríkà tí sójà wọn àti ìdílé wọn pọ̀ sí tó agbègbè yẹn. Bí wọ́n ṣe pọ̀ tó ni ilé ṣe wọ́n tó. Ilé ìjọba wà ní Vogelweh, ṣùgbọ́n orúkọ tó wà níwájú tiwa pọ̀ nínú ìwé, sójà tí ipò rẹ̀ kéré á sì dúró pẹ́. Ẹni tí kò bá lè dúró á wọ abúlé lọ, á lọ yá ilé lọ́wọ́ àwọn ará Jámánì.

Ọkọ mi ló kọ́kọ́ lọ, èmi àti àwọn ọmọ ṣì wà ní Houston. Nígbà tí wọ́n fọwọ́ sí ìwé èmi àti àwọn ọmọ méjèèjì, a gúnlẹ̀ sí Rhein-Main ní Frankfurt nígbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn, bọ́ọ̀sì sójà ló kó wa dé K-town. Wọ́n fi wá sí ilé àlejò kékeré kan, ẹni mẹ́rin nínú yàrá kan. Ìjọba ló ń san án, àmọ́ ọjọ́ mẹ́wàá mẹ́wàá ni wọ́n ń fọwọ́ sí owó náà, kò sì yẹ kó ju ọgọ́ta ọjọ́ lọ. Kí wọ́n tó fọwọ́ sí mẹ́wàá tó kàn, o gbọ́dọ̀ mú ìwé wá: abúlé tí o lọ, ilé tí o wò, ohun tí onílé sọ. Ọkọ mi kì í sí nílé. Kí ilẹ̀ tó mọ́ ló ti ń jáde, ìgbà mìíràn wọ́n á kó wọn lọ sí pápá ìdánrawò fún ọ̀sẹ̀ gbáko. Èmi ni mo ń kọ ìwé náà. Èmi ni mo ń pọn ọmọ kan, tí mò ń fa èkejì lọ́wọ́, tí mò ń tẹ bẹ́ẹ̀lì ilẹ̀kùn àwọn tí mi ò mọ̀ rí.

Ní ọ́fíìsì tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ilé, wọ́n máa ń lẹ káàdì mọ́ pátákó: orúkọ abúlé, iye yàrá, iye owó ní máàkì, bóyá onílé fẹ́ ọmọdé tàbí kò fẹ́. Láti àárọ̀ kùtù ni a ti ń tò síwájú ilẹ̀kùn, nítorí káàdì tó bá dára kì í pẹ́ níbẹ̀. Tí o bá ti rí ọ̀kan, ó di ìdí tẹlifóònù. Èdè ńkọ́? Gbogbo èdè Jámánì tí mo gbọ́ nígbà náà kò ju ẹ káàárọ̀ àti ẹ ṣeun lọ. Ìyàwó sájẹ́ńtì kan, ọmọ Jámánì tó fẹ́ aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà, ló máa ń bá wa pè. Lọ́jọ́ kan ó jókòó sí ilé àlejò náà láti àárọ̀ títí di ọ̀sán, ó ń pe onílé kan tẹ̀ lé òmíràn nítorí obìnrin tí kò bá a tan. Ẹnì kejì ni ìyàwó ọ̀gá ọkọ mi, aláwọ̀ dúdú láti Georgia, tí mò ń pè ní Ẹ̀gbọ́n títí òun náà fi ń jẹ́ ẹ. Ó ti wá ilé ní Jámánì rí ká tó dé. Òun ló fi mọ́tò rẹ̀ gbé mi kiri Otterbach, Weilerbach, Mackenbach àti Enkenbach, òun ló sì kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń wo ilé. Ó ní, "Má wo kọ́tìnnì. Wo igun òrùlé bóyá ó ń hu dúdú, kí o sì béèrè iye epo ìmúlégbóná tí ẹni tó jáde sun lọ́dún tó kọjá." Títí di òní, mi ò tíì gbọ́ ìmọ̀ràn lórí ilé tó jù ú lọ.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mi ò ní fò. Lórí tẹlifóònù, ilé wà. Tí onílé bá ṣílẹ̀kùn, tó rí èmi àti Ẹ̀gbọ́n, ilé ti lọ. Ó ṣẹlẹ̀ sí wa ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Níbì kan, a ò tíì kúrò lẹ́nu ọ̀nà tí obìnrin náà fi ti fèrèsé òkè pa. Ẹ̀gbọ́n kò bá a jà. Ó yọ bírò, ó kọ nọ́ńbà ilé náà àti aago tí a débẹ̀, ó mú un lọ sí ọ́fíìsì. Ó ní àwọn tó ṣáájú òun kò ní ibi tí wọ́n lè mú un lọ. Òótọ́ ló sọ. Ní 1971, NAACP, ẹgbẹ́ tó ń jà fún ẹ̀tọ́ àwọn aláwọ̀ dúdú, rán àwọn ènìyàn lọ sí Jámánì láti gbọ́ ẹjọ́ àwọn sójà, ìwé tí wọ́n sì gbé jáde sọ ọ́ kedere pé ọ̀rọ̀ ilé wà lára ohun tó ń dùn wọ́n jù. Nígbà tí àwa fi dé, onílé tó bá fẹ́ kí wọ́n lẹ káàdì òun gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i pé òun kò ní torí àwọ̀ lé ènìyàn. Ìwé gbà, ojú ò gbà. Síbẹ̀ ìwé náà wúlò, torí ó fún Ẹ̀gbọ́n ní ibi tó lè fẹjọ́ sùn sí. Mi ò sì ní ṣe bí ẹni pé ilẹ̀ wọn nìkan ló ti ń ṣẹlẹ̀. Ní Èkó, mo mọ àwọn onílé tó máa ń béèrè ìlú àti ẹ̀sìn ẹni kí wọ́n tó béèrè owó. Ó burú lọ́hùn-ún, ó burú níbí.

Àárín ìwákiri yìí ni ọjọ́ Àìkú 28 oṣù Kẹjọ bọ́ sí. Ramstein ṣí pápá rẹ̀ sílẹ̀ kí ará ìlú wá wo eré ọkọ̀ òfurufú. Ọkọ̀ àwọn ará Ítálì mẹ́ta kọlu ara wọn lókè, ọ̀kan já sáàárín èrò. Ènìyàn 70 ló bá a lọ, ọgọ́rọ̀ọ̀rún sì fara pa. Àwa náà ì bá wà níbẹ̀. Ibà tó mú ọmọ mi kékeré ni kò jẹ́ ká lọ. Lọ́sẹ̀ yẹn, kò sẹ́ni tó lẹ káàdì tuntun, kò sì sẹ́ni tó lọ béèrè.

Owó náà tún ń sá fún wa. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 1985, dọ́là kan lé ní máàkì mẹ́ta. Àwọn sójà tó wà níbẹ̀ nígbà náà gbé ilé tó ní ọgbà. Nígbà tí àwa dé, kò tó máàkì méjì. Àlàwánsì ilé wà, ó sì ń tẹ̀ lé iye tí onílé ń gbà, ṣùgbọ́n ó ní ibi tó ń dé tó ń dúró, ipò sójà ni wọ́n sì fi ń wọ̀n ọ́n. Owó ìdúró, èyí tí onílé máa ń mú pamọ́ de ìbàjẹ́ ilé, lè tó owó oṣù méjì tàbí mẹ́ta, tòun ti owó ajẹ́ntì, ẹ̀ẹ̀kan náà ni wọ́n sì ń béèrè rẹ̀. Lálẹ́ ọjọ́ kan ọkọ mi jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, ó ń ṣe ìṣirò sẹ́yìn àpò ìwé. Ó ní náírà lé òun kúrò ní yunifásítì, dọ́là tún fẹ́ lé òun kúrò nínú ilé tí òun kò tíì rí. Mi ò rí ohun fún un lésì.

Ilé àkọ́kọ́ tí wọ́n gbà láti fún wa, a ò lè gbà á. Nígbà tí a wọlé, mo rò pé olè ti jà níbẹ̀. Nínú ilé ìdáná, páìpù omi méjì ló yọ lára ògiri, ó parí. Kò sí sítóòfù, kò sí síńkì, kò sí kọ́bọ́ọ̀dù. Yàrá kò ní ibi tí èèyàn lè fi aṣọ kọ́ sí. Lókè, níbi tó yẹ kí gílóòbù wà, wáyà ló ń rọ̀ jọwọlọ. Ẹ̀gbọ́n ní bó ṣe ń rí nìyẹn: ní Jámánì, ayálégbé ló ń gbé ilé ìdáná rẹ̀ wá, tó bá sì ń lọ, á tú u, á kó o dání, títí kan iná ara àjà. Mo dúró sáàárín yàrá náà, ọmọ ń sunkún lẹ́yìn mi. A ò ní owó ìdúró onílé pé, ibo la ó ti rí owó síńkì?

Ibi tí a ti wá rí ilé kì í ṣe ara pátákó. Ọ̀dọ̀ obìnrin tó ń tún yàrá ṣe ní ilé àlejò náà ni. Mo máa ń kí i láràárọ̀ bí wọ́n ṣe kọ́ mi nílé, tòun ti ìkúnlẹ̀, mo sì máa ń tẹ́ bẹ́ẹ̀dì wa fúnra mi kó tó dé, torí ó dàgbà tó ìyá mi. Nígbà tó yá, ó bi ìyàwó sájẹ́ńtì léèrè ohun tó ń ṣe mí tí ojú mi fi ń pọ́n lójoojúmọ́. Wọ́n sọ fún un. Lọ́jọ́ kejì ó mú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin wá, bàbá arúgbó kan láti abúlé kan lẹ́yìn Otterbach. Òun àti ìyàwó rẹ̀ ń gbé ìsàlẹ̀ ilé wọn, òkè ti ṣófo láti ìgbà tí ọmọ wọn ti lọ sílé ọkọ, wọn kò sì fi í háyà fún ẹnikẹ́ni rí.

Bàbá náà bi ọkọ mi léèrè ibi tó ti wá. Ọkọ mi ní Nàìjíríà. Ó ní, níbo ní Amẹ́ríkà? Ọkọ mi ní Texas. Bàbá dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà ló fi Gẹ̀ẹ́sì fèsì, Gẹ̀ẹ́sì àwọn ará Texas gan-an. Ó ní òun ti gbé Hearne rí.

Èmi kò mọ ìtàn yìí tẹ́lẹ̀. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, Amẹ́ríkà kó ọmọ ogun Jámánì tó lé ní 300,000 ní ìgbèkùn lọ sí ilẹ̀ wọn, Texas sì wà lára ibi tí wọ́n kó wọn sí jù. Àgọ́ ńlá kan wà ní ìlú Hearne. Àríwá Áfíríkà ni ọwọ́ ti tẹ bàbá yìí ní 1943, nígbà tó ṣì jẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin. Wọ́n máa ń mú wọn jáde lọ ká òwú lóko, àwọn aláwọ̀ dúdú ni wọ́n sì jọ ń ká a. Ó ní lọ́jọ́ kan oòrùn dá òun wó, obìnrin dúdú kan ló bu omi inú agolo rẹ̀ fún òun mu. Ó tún ní ohun kan ṣì ń ti òun lójú: pé wọ́n máa ń jẹ́ kí òun ẹlẹ́wọ̀n jókòó jẹun níbi tí sójà dúdú, ọmọ Amẹ́ríkà, kò gbọdọ̀ wọ̀. Kò fi ìyẹn ṣe àlàyé ohunkóhun. Ó kàn dìde, ó ní ká máa bọ̀ wá wo ilé.

Ilé ìdáná ọmọ wọn ṣì wà níbẹ̀, aláwọ̀ ewé, ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù kan ti já. Inú mi dùn débi pé mo fọwọ́ pa síńkì náà. Kò gba owó ajẹ́ntì, owó ìdúró sì di díẹ̀díẹ̀. Ọ́fíìsì ilé rán ẹni tó wá yẹ ibẹ̀ wò, wọ́n sì fi gbólóhùn kan sínú ìwé àdéhùn tí gbogbo ìyàwó sójà gbọ́dọ̀ mọ̀ dáadáa: bí ìjọba bá gbé sójà kúrò, ìdílé rẹ̀ lè jáde kí àdéhùn tó pé láì jẹ gbèsè. Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ má fọwọ́ sí ìwé tí gbólóhùn yẹn kò sí nínú rẹ̀.

Iná Jámánì jẹ́ 220, ti Amẹ́ríkà 110. Gbogbo ohun tí a rà ní Houston ló ń fẹ́ trànsífọ́mà. Ṣùgbọ́n áyọ́ọ̀nù tí ìyá mi rà fún mi ní Dùgbẹ̀, tó ti wà nínú àpótí láti ìgbà tí mo dé Houston torí iná wọn kò lè gbé e, mo pààrọ̀ orí rẹ̀, mo kì í bọ ògiri, ó gbóná. Òun ni mo fi ń lọ aṣọ sójà ọkọ mi títí a fi kúrò níbẹ̀. Iyán kò sí. Pòtétò gbígbẹ inú páálí tí wọ́n ń tà ní kọ́mísárì, ọjà àwọn sójà, la máa ń rò pọ̀ mọ́ Cream of Wheat, òkèlè wa nìyẹn. Ká tiẹ̀ ní iṣu wà, ta ni yóò gún un? Ariwo kò gbọdọ̀ sí lábúlé lọ́sàn-án láti aago kan sí mẹ́ta, ti ọjọ́ Àìkú sì tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Fèrèsé ló fẹ́ dá ìjà sílẹ̀. Nígbà òtútù àkọ́kọ́, mo ti gbogbo rẹ̀ pa gbọningbọnin, mo sì ń dín ata nínú ilé. Ìyá onílé gòkè wá, ó kí mi, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, yìnyín ń fẹ́ wọlé. Mo rò pé ọbẹ̀ mi ló ń rùn sí i, inú bí mi gan-an. Ó di ọwọ́ mi mú, ó fà mí lọ sẹ́yìn wọ́dúróòbù nínú yàrá àwọn ọmọ. Ògiri ti hu dúdú láti ìsàlẹ̀ dé àyà mi, omi ń sun lára rẹ̀. Ó nàka márùn-ún sí mi, ó tọ́ka sí aago: ìṣẹ́jú márùn-ún láàárọ̀, márùn-ún lálẹ́, gbogbo fèrèsé, kódà nínú yìnyín. Láti ìgbà náà, aago mẹ́wàá tí ìyá náà ń ṣí tirẹ̀ ni mo máa ń dín ata.

Ní oṣù Kẹjọ 1990, Iraq wọ Kuwait. Nígbà tó di oṣù Kọkànlá, ìjọba ní àwọn sójà tó wà ní Jámánì náà ń lọ. Ọkọ mi lọ sí Saudi Arabia. Ọ̀pọ̀ ìyàwó kó ọmọ padà sí Amẹ́ríkà, torí wọ́n ń gbé àárín àwọn tí kò mọ̀ wọ́n. Èmi dúró. Tó bá di aago mẹ́jọ alẹ́, nígbà ìròyìn tẹlifíṣọ̀n Jámánì, bàbá onílé á gòkè wá, á máa fi Gẹ̀ẹ́sì Texas rẹ̀ túmọ̀ rẹ̀ fún mi. Bí wọ́n bá ti sọ pé èèyàn kú, á ní, "Kì í ṣe àwọn tó ń pèsè oúnjẹ." Ní 25 oṣù Kejì 1991, bọ́ǹbù Scud bọ́ lu ibi tí sójà ń sùn sí ní Dhahran, ènìyàn 28 kú, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló jẹ́ àwọn tó ń pèsè omi àti ohun èlò. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, bàbá kò rí ohun sọ. Ìyàwó rẹ̀ gbé àwọn ọmọ mi lọ sísàlẹ̀, bàbá fúnra rẹ̀ sì bá mi jókòó ti tẹlifóònù di ìdájí. Ó tó ọjọ́ mélòó kan kí ọkọ mi tó rí ibi tó ti lè pè. Mo máa ń rò ó: ká ní mo wà nínú ilé tí mi ò ti lè kan ilẹ̀kùn ẹnikẹ́ni ńkọ́? Nínú ìwé iṣẹ́ ọkọ mi, gbogbo ibi tó sìn sí wà níbẹ̀. Ilé yẹn kò sí níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ òun ló gbé ìdílé rẹ̀ dúró.

Ní 1992, ó kàn wá láti lọ. Amẹ́ríkà ti ń dín sójà rẹ̀ kù. Wọ́n ti ti pápá ọkọ̀ òfurufú Zweibrücken pa lọ́dún tó ṣáájú. Ní ọ́fíìsì ilé, káàdì ti kún pátákó, ó ti kọjá sí ara ògiri, onílé ló wá ń bẹ ayálégbé. Ẹ̀gbọ́n ti padà sí Georgia nígbà náà. Ì bá wù mí kó rí i.

A kun gbogbo ògiri ní funfun bí àdéhùn ṣe wí. Bàbá onílé mú ìwé lọ́wọ́, ó yẹ yàrá kọ̀ọ̀kan wò, ó dá owó ìdúró wa padà, ó yọ owó ibi tí áyọ́ọ̀nù jó lórí ilẹ̀. Ohun tó tọ́ ló yọ. Lẹ́yìn náà ló ní kí n bá òun wá ìyàwó sójà mìíràn, pé òun kò fẹ́ lẹ káàdì. Mo mọ ọ̀kan, ọmọ Alabama, oyún rẹ̀ ti ga, inú ilé àlejò ló ṣì wà. Mo gbé e lọ síbẹ̀ fúnra mi. Mo fi ibi tó hu dúdú lẹ́yìn wọ́dúróòbù hàn án, mo kọ́ ọ ní fèrèsé ṣíṣí, mo sì sọ iye epo tí a sun lọ́dún kan fún un kó tó béèrè.